V30 ti tó fún káàmẹ́rà yẹn, ṣùgbọ́n dán káàdì wò kó o tó gbé e lọ sóde

Àbúrò tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ra Sony a6300 àlòkù, o fẹ́ máa fi gba fídíò 4K kó o sì máa fi ya fótò níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ẹni tó ń ta káàdì fún ọ wá sọ pé V30 kò lè gbé e, pé V60 ni kó o rà, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. O ní ṣé òótọ́ ni. Irọ́ ni. Ra V30, kó o fi owó tó bá ṣẹ́kù ra bátìrì kejì, torí bátìrì káàmẹ́rà yẹn kì í pẹ́ tán.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé V lára káàdì ni iye mẹ́gábáìtì tí káàdì náà ṣèlérí pé òun á máa gbà wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò ní wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. V30 jẹ́ 30, V60 jẹ́ 60, V90 jẹ́ 90. Nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà U náà ní tirẹ̀: 1 dúró fún 10, 3 dúró fún 30. Nítorí náà U3 àti V30, ọgba ni wọ́n. Fídíò 4K tó ga jù lórí a6300 jẹ́ 100 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wo b yẹn dáadáa, kékeré ni. Bíìtì ló dúró fún, bíìtì mẹ́jọ ló sì ń di báìtì kan. Pín 100 sí ọ̀nà mẹ́jọ, 12.5 ni wàá rí. Mẹ́gábáìtì 12.5 ni káàmẹ́rà rẹ ń dà sórí káàdì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, V30 sì lè gba 30. Kí la tún ń wá? Ìwé ìlò káàmẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ní U3 ni ká fi sí i bá a bá fẹ́ lo 100 Mbps. Àwọn tó ṣe é kò béèrè V60, ẹni tó ń tà á ló ń béèrè.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé UHS-II, ìyẹn oríṣi káàdì tó yára ju UHS-I lọ, ni ọ̀pọ̀ V60 tó wà lórí àtẹ. Yí i padà kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà irin méjì ni wàá rí. UHS-I ni ihò káàdì inú a6300, ìlà kan péré ló mọ̀, kò sì sí bó ṣe lè kọjá mẹ́gábáìtì (MB) 104 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí ìwé pàápàá. Irin ìlà kejì tó o sanwó lé lórí kò ní kan nǹkan kan. Omi tó bá gba ọrùn kèrègbè kọjá ni ti kèrègbè, bó o tilẹ̀ tì í bọ inú ọ̀sà Àjàṣẹ́.

Ìbéèrè rẹ ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó mú kí ara mi bù máṣọ. O ní ọkùnrin náà fi káàdì mìíràn hàn ọ́, 256GB, tí wọ́n kọ 170 MB/s gàdàgbà sí lára, tí owó rẹ̀ sì kéré sí ti V30. Má fọwọ́ kàn án.

Ẹgbẹ́ kan ní Kétu níbí ló pè mí pé kí n wá gba Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọn sórí fídíò. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ̀ pé òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, kò sì sí pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún yẹn ló fi ń kọrin. Bó bá ti kọ ọ́ tán, ó di ìgbà mìíràn. Ṣáájú ìgbà yẹn mo ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kútọnu, a sanwó wọlé o, níbi tí ọ̀gá kan tó gbé káàmẹ́rà méjì kọ́rùn ti sọ fún wa pé nọ́ńbà tó tóbi jù lára káàdì ni ká máa wò, ká má da ara wa láàmú pẹ̀lú ìyókù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nọ́ńbà ńlá yẹn jẹ́ ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń kó nǹkan jáde nínú káàdì. Èyí tí káàmẹ́rà fi ń dà á wọlé yàtọ̀, ó sì máa ń kéré sí i. Ọmọbìnrin kan béèrè ohun tí V30 jẹ́. Ọ̀gá ní ti àwọn tó ń ṣe sinimá nìyẹn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Káàdì tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu ni mo rà ní Tọ̀kpá: nọ́ńbà ńlá, 256GB, ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀, ìwé tó mọ́ rekete wà lẹ́yìn rẹ̀.

Fótò ló kọ́kọ́ fi àmì hàn lóru ọjọ́ náà. RAW ni mò ń yà, ìyẹn fótò tí káàmẹ́rà kò tíì fún pọ̀ bíi ti JPEG, tó sì máa ń tóbi, mo tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ yí, káàmẹ́rà ya díẹ̀, ó dákẹ́. Ibi kékeré kan wà nínú káàmẹ́rà tí wọ́n ń pè ní bọ́fà, ibẹ̀ ló ń kó fótò sí kó tó ráyè tú u sórí káàdì. Bí káàdì bá ń wọ́ ẹsẹ̀, bọ́fà á kún, bọ́tìnì á sì di igi lábẹ́ ìka rẹ. Agbádá Ẹ̀fẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú mi, èmi ń wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ó ti sú ọ ni?” Mo fi fótò sílẹ̀, mo dojú kọ fídíò, torí ìyẹn ṣì ń lọ. Ó lọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde lọ́sàn-án, orí káàdì kan náà ni mo tún gbà á sí. 256 ló pe ara rẹ̀, káàmẹ́rà náà sì ń sọ fún mi pé ààyè ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Mo délé, mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ fáìlì pé, ọjọ́ pé, ìwọ̀n pé. Mo ṣí àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ó dáa. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ eérú. Ìlà aláwọ̀ ewé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣí mọ́ rárá. Káàdì náà kì í ṣe 256GB, ohun tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́ kéré jìnnà sí i. Àwọn tó ṣe ayédèrú ti kọ́ ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ láti máa purọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún ohunkóhun tá a bá kì í bọ̀. Bí ibi tó jẹ́ òótọ́ bá kún, kò ní sọ fún ọ. Á máa gba ohun tó ò ń dà sí i, á máa sọ ọ́ nù, tàbí kó máa dà á lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Orúkọ fáìlì nìkan ni kì í bàjẹ́, torí ìbẹ̀rẹ̀ káàdì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ibi tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, káàdì ayédèrú gbé e mì.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ní iṣẹ́ òun ni láti máa gba fáìlì padà. Ó gbowó àyẹ̀wò, ó tún gbowó iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rinrin ló wọ inú rẹ̀, pé àwa ará Kétu kì í tọ́jú nǹkan. Ọ̀rinrin, nígbà ọyẹ́! Mo ní ṣé kì í ṣe ayédèrú ni, ó fajú ro, ó ní ta ni oníṣẹ́ láàárín àwa méjèèjì. PhotoRec tó ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ìwọ náà lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wúlò gan-an fún fáìlì tá a ṣèèṣì pa rẹ́. Ohun tí káàdì sọ nù, kò sí ẹ̀rọ tó lè wá a rí, ọkùnrin yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó na ọwọ́ gba owó. Èmi ni mo lọ jókòó síwájú ẹgbẹ́ náà láti ṣàlàyé. Wọn kò pariwo lé mi lórí. Wọ́n ní kí n dá owó àsansílẹ̀ padà, mo sì dá a padà.

Nítorí náà káàdì yòówù tó o bá rà, V30 yìí náà, dán an wò kó tó tẹ̀lé ọ lọ sóde. H2testw wà fún Windows, F3 wà fún Mac àti Linux, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n á da nǹkan kún káàdì náà dé ẹnu, wọ́n á wá kà á padà wò bóyá ó pé. Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò le, ó kàn ń pẹ́ ni, fi sílẹ̀ kó o lọ jẹun. Ó tún máa sọ ìyára tí káàdì fi ń gba nǹkan wọlé fún ọ, èyí ló sì kan ìbéèrè rẹ: 30 ó kéré tán ni kó wà. Má ṣe lo rídà (ẹ̀rọ tá a ń ki káàdì bọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè kà á) USB 2 àtijọ́ fún un, torí USB 2 fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 40, wàá wá máa bínú sí káàdì tí kò ṣẹ̀ ọ́.

Mi ò sọ pé gbogbo káàdì tó bá kọ 170 ló jẹ́ ayédèrú o. Ilé-iṣẹ́ gidi kan wà tó ń kọ ọ́ sára UHS-I, ṣùgbọ́n rídà pàtàkì kan nìkan ló lè fa ìyára yẹn jáde, káàmẹ́rà rẹ kò mọ̀ ọ́n rí. Bákan náà ni A1 àti A2 tí wọ́n fi ń polówó: áàpù orí fóònù ló wà fún, kò kan fótò. Ẹni tó sì gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kó o ra màíkíró SD kó o fi sínú àdápútà, mo rò pé kò tíì yàwòrán lóde tí eruku wà rí. Ibi tí àdápútà ti ń kan káàdì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

64GB méjì ni kó o rà dípò 128 kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lórí 100 Mbps. Ihò káàdì kan ṣoṣo ló wà lára a6300, kò sí èyí tó máa ṣe ẹ̀dà fún ọ. Bí káàdì náà bá kú, òde yẹn ti kú nìyẹn. Inú káàmẹ́rà ni kó o ti máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó o tó lọ síbi iṣẹ́ tuntun, má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Má sì yọ ọ́ tí iná pupa bá ṣì ń tàn. Ìsìnkú tún máa ń gùn ní Àjàṣẹ́: káàmẹ́rà yẹn máa ń dá fídíò dúró fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 29, á sì gbóná pa ara rẹ̀ lábẹ́ oòrùn bó bá jẹ́ 4K, nítorí náà má gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kó o wá lọ jókòó ti àwo oúnjẹ.

V60 ní ọjọ́ tirẹ̀. Bó o bá ra káàmẹ́rà tó ń gba fídíò lórí 400 Mbps, bíi Panasonic GH5, 50 ló ń dà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, V30 á kọ̀ ọ́. Nígbà yẹn, padà lọ bá ọkùnrin náà.

Ní báyìí, kó o tó sanwó, bi í bóyá á gba káàdì padà lọ́wọ́ rẹ bí H2testw bá ní kò pé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e.