Ẹ́ńsáìmù tó ń so ògiri bakitéríà pọ̀, àti egbò tí kò gbọ́ Ampiclox

Àbúrò tó béèrè lánàá, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní o há transpeptidase, ẹ́ńsáìmù tó ń so ògiri bakitéríà pọ̀, sórí nítorí ìdánwò, síbẹ̀ kò yé ọ. O tún ní egbò ẹsẹ̀ màmá yín nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́ Ampiclox tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísìtì ní Takie. Ìbéèrè kan náà ni méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbin ọyún egbò ní láàbù nílùú yìí, serine kan ṣoṣo, ìyẹn amino acid kan nínú ẹ́ńsáìmù yìí, ni mo sì rí nídìí gbogbo rẹ̀. Bó bá yé ọ, o ò ní há ohunkóhun sórí mọ́.

Ògiri náà la ó kọ́kọ́ wò. Ṣúgà méjì, NAG àti NAM, ló ń tẹ̀lé ara wọn lọ títí tí wọ́n fi di okùn gígùn. Lára NAM kọ̀ọ̀kan ni ìrù kan ti yọ, amino acid márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, D-alanine sì ni méjì tó gbẹ̀yìn. Okùn ṣúgà yìí nìkan kò lágbára. Ìgbà tí ìrù okùn kan bá so mọ́ ìrù okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ògiri tó le. Transpeptidase ló ń so wọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè ni pé, níbo ló ti ń rí agbára ṣe é? Ìta awọ sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ATP, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára, níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí D-alanine fi jẹ́ méjì. Serine tó wà nínú kòtò ẹ́ńsáìmù náà á dì mọ́ D-alanine kẹrin, ìdè tó wà láàárín ìkẹrin àti ìkarùn-ún á já, ìkarùn-ún á bọ́ lọ. Agbára ìdè tó já yẹn ni ẹ́ńsáìmù fi ń so ìkẹrin mọ́ ìrù aládùúgbò. Ti Staphylococcus aureus (Staph), bakitéríà tó wọ́pọ̀ nínú egbò, tún ní glycine márùn-ún tó ṣe afárá láàárín ìrù méjèèjì. Bó bá ti so tán, serine á dòmìnira, ó tún yá, òmíràn.

Wá wo pẹnisílíìnì, ìdílé oògùn tí àwọn tó wà nínú Ampiclox ti wá. Ní 1965, Tipper àti Strominger ṣàlàyé pé ìrísí rẹ̀ jọ ti D-alanine méjì tó so pọ̀. Serine kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ni ó bá gbá a mú. Òrùka kékeré inú oògùn náà, tó ti le dan-in dan-in tẹ́lẹ̀, á já. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bọ́ lọ. Apá tó já ṣì rọ̀ mọ́ ìyókù, ó dí ojú ọ̀nà, ìrù aládùúgbò kò ráyè wọlé. Ẹ́ńsáìmù ti há nìyẹn.

Bakitéríà náà kò sì dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé ògiri kí sẹ́ẹ̀lì lè ráyè dàgbà ṣì ń gé e lọ, kò sì sẹ́ni tó ń so ó padà. Ṣé o ti rí táyà ọ̀kadà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí túúbù wú yọ níbẹ̀ kó tó bẹ́? Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí oògùn yìí kò fi ràn ibà rárá, nítorí kòkòrò ibà kò ní irú ògiri yìí. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí ẹni tó ń gbé kápúsù mì nítorí ibà.

Ọ̀nà méjì ni Staph gbà ń bọ́. Àkọ́kọ́ ni penicillinase, ẹ́ńsáìmù tó ń ba pẹnisílíìnì jẹ́, tí Abraham àti Chain kọ nípa rẹ̀ ní 1940, kí pẹnisílíìnì tó di oògùn tí gbogbo ayé ń lò. Serine ló wà nínú òun náà! Òun náà ń gbá oògùn mú, òun náà ń já òrùka rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju omi lọ: glutamate kan, amino acid mìíràn, wà nítòsí serine tirẹ̀ tó ń gbé omi sí ipò tó yẹ, omi á gé oògùn kúrò lára serine, oògùn ti bàjẹ́, ẹ́ńsáìmù sì bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

O lè fojú rí èyí lórí pléètì. Gbé dísíìkì pẹnisílíìnì sórí ágà Mueller-Hinton (oúnjẹ tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀) tí o ti fi Staph kùn, kó sùn sínú ooru 35 °C. Láàárọ̀, gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, má wo bí àyè mímọ́ yí dísíìkì ká ṣe fẹ̀ tó nìkan, wo etí rẹ̀. Bí bakitéríà bá ń fọ́n díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tán, kò ní penicillinase. Bí etí yẹn bá gé ṣáká, tí bakitéríà wú jọ síbẹ̀, penicillinase ló ń pèsè. (Bí iná bá lọ lóru tí ooru rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tún un ṣe, má ka irú pléètì bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn.)

Nítorí penicillinase ni cloxacillin fi wà pẹ̀lú ampicillin nínú Ampiclox: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tóbi, kò rọrùn fún ẹ́ńsáìmù náà láti gé e. Ọ̀nà kejì ló wá borí ìyẹn. Láti 1961 ni wọ́n ti ń rí Staph tó ní jíìnì mecA, tó fi ń ṣe transpeptidase mìíràn, PBP2a. Kòtò serine rẹ̀ sé, oògùn kì í ráyè dé ibẹ̀, ògiri sì ń so lọ. Irú rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lẹ́yìn tó jábọ́ lórí ọ̀kadà. Ibi tó lọ pọ̀, kápúsù ni wọ́n ń yí padà, ẹnikẹ́ni kò gba ọyún. Nígbà tí a gbìn ín, bakitéríà hù dé ẹ̀bá dísíìkì cefoxitin, oògùn tí láàbù fi ń dá Staph tó ní mecA mọ̀. Clindamycin ṣiṣẹ́ lórí pléètì, dókítà fún un, nítorí ríbósómù ló ń bá jà, kò kan ògiri.

Ti màmá, kí wọ́n dá kápúsù rírà dúró ná. Kí wọ́n lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fọ egbò náà mọ́ kí wọ́n tó gba àyẹ̀wò láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọyún orí. Sọ pé kí wọ́n fi dísíìkì cefoxitin 30 µg sí i. Fún Staph aureus, bí fífẹ̀ àyè mímọ́ yí dísíìkì ká bá jẹ́ mìlímítà 21 sí ìsàlẹ̀, cloxacillin kò ní ràn án. Ó sì lè má jẹ́ Staph: egbò ẹsẹ̀ tó pẹ́ lè ní Pseudomonas, bakitéríà mìíràn tí Ampiclox kò lè ṣe nǹkan kan fún. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò pẹ̀lú. Bí ara bá ń gbóná tàbí tí ẹsẹ̀ ń dúdú, kí wọ́n lọ lónìí. Bí èsì bá jáde, kọ ọ́ síbí pẹ̀lú mìlímítà kọ̀ọ̀kan, a ó jọ kà á.