Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Yọ Ilé-Ọmọ Mi?

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo ti lọ́kọ, n kò sì tíì bímọ. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ wà ní ọrùn ilé-ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò tíì tàn. Dókítà ní kí n jẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo ilé-ọmọ náà. Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?
A. T., Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa. Ọ̀nà mìíràn wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó bá mu. Ní ọdún 1987 ni Daniel Dargent, oníṣẹ́-abẹ kan ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ń pè ní trachelectomy. Ọrùn ilé-ọmọ tí jẹjẹrẹ wà àti ẹran tí ó yí i ká ni wọ́n ń gé kúrò, wọ́n á wá so ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ padà mọ́ ojú ara, wọ́n á sì sábà fi okùn abẹ́rẹ́ tí kì í jẹrà fún ẹnu rẹ̀, bí ìgbà tí a fa ojábùú ṣòkòtò, kí oyún má baà yọ́ bọ́ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti yẹ àwọn kókó kéékèèké inú abẹ́ ikùn wò, nítorí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ ràn dé.

Ẹ bi dókítà yín bí jẹjẹrẹ náà ṣe tóbi tó, nítorí èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún. Bí ó bá kéré débi pé ẹ̀rọ amúǹkantóbi nìkan ló rí i, gígé díẹ̀ lára ọrùn ilé-ọmọ lè tó. A kò ní tàn yín: ẹni tí ó bá lóyún lẹ́yìn trachelectomy lè bímọ láìpé oṣù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì sábà fi ń gbẹ̀bí rẹ̀.

Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí ó sì di pé ìtànṣán ni wọ́n máa fi wò ó, ìtànṣán náà máa ń pa ẹyin, ilé-ọmọ tí ó bá sì ti jẹ ẹ́ kì í sábà lè gbé oyún dáadáa mọ́. Wọ́n lè gba ẹyin yín kí wọ́n sì fi í pamọ́ sínú yìnyín ṣáájú, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n obìnrin mìíràn ni yóò bá yín gbé oyún náà.

Ní ti ìyá ọkọ yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀mí yín ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wá dókítà jẹjẹrẹ obìnrin kejì kí ó tún èsì yín wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi oṣù kan ṣòfò sórí àgbo.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 19, ní jẹjẹrẹ nínú ilé-ẹyin apá kan. Ṣé yóò lè bímọ láé?
Ìyá kan, Ìbàdàn

Ẹ̀yà tí ó sábà ń mú àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ oògùn gan-an, Màmá. Bí apá kan ṣoṣo ni ó wà, wọ́n lè yọ ilé-ẹyin náà kí wọ́n fi ìkejì àti ilé-ọmọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni nǹkan oṣù wọn sì ń padà lẹ́yìn oògùn. Ẹ béèrè nípa fífi ẹyin pamọ́ kí wọ́n tó fa oògùn àkọ́kọ́ sí i lára. Ní Brussels, Jacques Donnez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹran ilé-ẹyin tí wọ́n ti dì sínú yìnyín padà sára obìnrin kan tí ó ti gba oògùn jẹjẹrẹ, ó sì bímọ ní ọdún 2004. Irú ìtọ́jú yẹn wúlò jù fún ọmọdé tí kò tíì bàlágà. Ní ti ọmọ yín, bí jẹjẹrẹ bá ti wà nínú ilé-ẹyin fúnra rẹ̀, dídá irú ẹran bẹ́ẹ̀ padà léwu, nítorí àrùn náà lè bá a wọlé.