Ẹ Bi Mẹkáníìkì: Họ́ọ̀sì bíréèkì iwájú fún Hilux tí wọ́n ti gbé sókè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Hilux 2010 ni mò ń wà, Ṣakí ni mo wà, ẹ̀gẹ́ àti kaṣú ni mo fi ń kó láti oko. Nítorí ọ̀nà oko tí òjò ti bàjẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi gbé mọ́tò náà sókè ní íǹṣì 3, wọ́n fi sípésà lé orí ṣọ́ọ̀kì iwájú, wọ́n tún fi kún sùpíríìngì ẹ̀yìn. Abẹ́ mọ́tò ò ha ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá ti yí sítíárìn dé òpin, họ́ọ̀sì bíréèkì iwájú lápá òsì á le gan-an, mo sì ti rí i pé ó ń sán níbi tó ti wọnú irin. Táyà apá ibẹ̀ tún máa ń gbóná ju èkejì lọ. Mẹkáníìkì mi ní kò sí họ́ọ̀sì tó gùn lọ́jà, pé ká lọ bá àwọn tó ń tẹ họ́ọ̀sì katakata kí wọ́n bá wa ṣe èyí tó gùn. Ṣé kí n gbà? — Àgbẹ̀ onímọ́tò, Ṣakí

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oko, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ẹ má gbà o, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo mọ̀ pé họ́ọ̀sì katakata nípọn, ó sì lágbára lójú, àmọ́ ọ́ìlì tí wọ́n ṣe é fún yàtọ̀ sí tiyín. Rọ́bà inú rẹ̀, ọ́ìlì haidirọ́líìkì ló bá mu. Ọ́ìlì bíréèkì, DOT 3 tí ẹ ń rà yẹn, kì í ṣe irú ọ́ìlì yẹn rárá, tó bá ti wọnú rọ́bà katakata ó máa ń jẹ́ kó wú, kó rọ̀, kó máa já wẹ́wẹ́ sínú páìpù. Ẹ lè lò ó fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ sì rò pé ó ti dáa, ọjọ́ tó bá máa bàjẹ́ lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kó ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn tí ẹ ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí omi ọṣẹ sínú bíréèkì yín, mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é tí ọ́ìlì bá tán lójú ọ̀nà, gbogbo rọ́bà inú máàsítà (tó ń ti ọ́ìlì lọ sí táyà) àti kálípà (tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) ló máa bà jẹ́.

Ohun tó ń ṣe mọ́tò yín rèé. Ẹnu họ́ọ̀sì kan wà lára ṣáásí, ìyẹn irin gbọọrọ abẹ́ mọ́tò, ẹnu kejì wà lápá táyà. Nígbà tí wọ́n fi sípésà sí i, táyà wá lè jìnnà sí ṣáásí ju bí Toyota ṣe ṣe é lọ, họ́ọ̀sì ò sì gùn sí i. Tẹ́ ẹ bá wọ kòtò, táyà á rọ̀ sílẹ̀, tí ẹ bá tún ń yí sítíárìn lọ́wọ́, họ́ọ̀sì á nà tán. Ìyẹn ló fà á tó fi ń sán. Ti gbígbóná yẹn, ó jọ pé inú họ́ọ̀sì ti wú, ihò rẹ̀ ti dín: ẹsẹ̀ yín lágbára láti ti ọ́ìlì kọjá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò kì í tètè padà, páàdì á wá máa ha dísìkì. Kí wọ́n wo písítìnì kálípà náà ṣá o, tó bá ti dípẹtà òun náà lè di táyà mú.

Pé kò sí họ́ọ̀sì gígùn, kì í ṣòótọ́. Ní Ọsirélíà àti South Africa níbi tí wọ́n ti ń gbé Hilux sókè dáadáa, wọ́n ń ṣe họ́ọ̀sì tó gùn fún mọ́tò tó lọ sókè íǹṣì 2 tàbí 3. Àwọn tó ń ta páàtì ní Ládípọ̀ lè bá yín wá a, tàbí kí ẹ ní kí ẹni yín kan bá yín rà á bọ̀ láti òkèèrè. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ fi jáàkì gbé ṣáásí, kì í ṣe abẹ́ táyà o, kí táyà méjèèjì fi ara rọ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e lé orí sítáǹdì tó lágbára. Ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún, ẹ yí i dé òpin lósì, kẹ́ ẹ wá fi okùn wọn ibi tí họ́ọ̀sì máa gbà láti ẹnu kan dé ìkejì níbi tó ti jìnnà jù. Họ́ọ̀sì tuntun gbọ́dọ̀ gùn ju okùn yẹn lọ díẹ̀, àmọ́ kó má gùn débi tí táyà á fi máa gé e tí ẹ bá yí i. Ọ̀tún òun òsì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ pa pọ̀, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, nọ́ọ̀tì páìpù tó wọnú họ́ọ̀sì lápá ṣáásí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Sípánà 10 ni, àmọ́ tí wọ́n bá fi sípánà lásán tú u nígbà tó ti dípẹtà, ó máa yọ́ ni, ẹ̀yin á wá máa wá páìpù tuntun kiri. Kí wọ́n fọ́n WD-40 sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lo sípánà páìpù tó gba gbogbo ara nọ́ọ̀tì mú tí ẹnu rẹ̀ kàn là díẹ̀, kí wọ́n fi sípánà kejì di họ́ọ̀sì mú kí páìpù má bàa lọ́. Níbi tí bóòtù oníhò bá ti di họ́ọ̀sì mọ́ kálípà, wáṣà bàbà méjì ló wà níbẹ̀, tuntun ni kí wọ́n fi sí i, ti àtijọ́ máa ń jò. Kí kílíìpù padà sáyè rẹ̀. Kí họ́ọ̀sì má lọ́ po: ìlà tàbí lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ yẹ kó nà gbọọrọ látòkè délẹ̀.

Kí wọ́n wá bílíìdì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dà dì í mú, èkejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tó wà lórí kálípà, á sì dì í padà kí ti inú mọ́tò tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ fi rọ́bà funfun sí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ ti etí kejì bọ inú ìgò tí ọ́ìlì wà, ẹ óò máa rí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń hó jáde, ọ́ìlì àtijọ́ á kọ́kọ́ dúdú bíi kóòkì kó tó máa mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì inú ike máàsítà gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá dà sára pénítì, omi kíá, torí ó ń bó o.

Ẹ̀yìn náà ńkọ́? Wọ́n gbé e sókè, torí náà ẹ yẹ họ́ọ̀sì ẹ̀yìn wò. Ọ̀pọ̀ Hilux tún ní fáàfù kan tí ọ̀pá rẹ̀ lọ sí àsìlì ẹ̀yìn, òun ló ń mọ̀ bóyá ẹrù wà. Tí ẹ̀yìn bá ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, á rò pé mọ́tò ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Kí wọ́n tún ọ̀pá yẹn ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun á lu páìpù apá tó ń jò pa kẹ́ ẹ máa fi mẹ́ta yòókù ṣeré, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, Houston ni mo wà, Tundra mi lọ sókè íǹṣì 6. Ṣé họ́ọ̀sì bíréèkì tí wọ́n fi wáyà hun ìta rẹ̀ dáa ju ti rọ́bà lọ? — Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas

ÌDÁHÙN: Ó dáa, pẹ́dà máa ń le díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ wo ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Òfin Amẹ́ríkà ní kí lẹ́tà DOT wà lára họ́ọ̀sì bíréèkì, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti HR tàbí HL, HL yẹn ni èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wú tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, HR ni ti gbogbogbòò. Èyí tí kò ní lẹ́tà kankan lára, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi ike bo wáyà rẹ̀, torí iyanrìn tó bá há sí wáyà lásán máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lú íǹṣì 6, ẹ wò ó bóyá bùrákẹ́ẹ̀tì kan bá kíìtì tí wọ́n fi gbé e sókè wá, èyí tó ń gbé ojú ibi tí họ́ọ̀sì so mọ́ ṣáásí wá sílẹ̀, ẹ lè máà nílò họ́ọ̀sì gígùn rẹpẹtẹ. Láti January 2025, Texas ò yẹ bíréèkì àti nǹkan ààbò yòókù lára mọ́tò ara ẹni wò mọ́ kí wọ́n tó fún un ní ìwé, èéfín nìkan ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò ní Houston, torí náà tí ẹ bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo họ́ọ̀sì bíréèkì.