Ẹ wo ẹ̀ka ìṣirò owó kí ẹ tó wo orúkọ yunifásítì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá wa ní Gwarinpa. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọbìnrin yín fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó títí tí yóò fi di chartered akáńtáǹtì. Pé bàbá rẹ̀ fara mọ́ yunifásítì aládàáni kan tí kò jìnnà sí ilé, ẹ̀yin ń wo Ahmadu Bello University ní Zaria, ẹnì kan nínú ìjọ yín sì ní Kaduna Polytechnic ti tó. Ẹ wá béèrè èyí tó sàn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí n tó dé orí wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí pé èmi fúnra mi ṣi ilé-ẹ̀kọ́ yàn, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi san gbèsè àṣìyàn náà.

Ọdún 2009 ni mo wọ yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi ní Garki, Nyanya ni a sì ń gbé. Ohun tó wù wọ́n nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà ni pé kò jìnnà sí ilé, pé àwọn ilé inú ọgbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di kíkọ́, àti pé iná kì í ṣe ségesège níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún ọ̀nà wọn ṣe. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè ohunkóhun nípa ẹ̀ka ìṣirò owó fúnra rẹ̀. Mo kàwé gidigidi, mo jáde ní 2013 pẹ̀lú second class upper, a sì se jọ̀lọ́ọ̀fù fún gbogbo àdúgbò.

Minna ni mo ti sìnrú ìlú, níbi tí mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan pàdé tí ó jáde ní yunifásítì mìíràn pẹ̀lú second class lower. Àwa méjèèjì jọ forúkọ sílẹ̀ ní 2015 fún ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ tó ń sọ ènìyàn di chartered akáńtáǹtì. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò náà: Foundation, Skills àti Professional. Wọ́n yọ̀ǹda fún ọ̀rẹ́ mi láti fo Foundation, nítorí pé ICAN ti yẹ ẹ̀ka tí ó ti jáde wò, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹ̀ka tiwa kò sí nínú ìwé wọn. Èmi tí èsì mi dára ju tirẹ̀ lọ ni mo padà lọ jókòó ti àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe yọrí ní yunifásítì, tí mo sì tún ń sanwó ìdánwò lé wọn lórí.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìdánwò yìí rí lè rò pé ohun kékeré ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, nítorí náà oṣù mẹ́fà gbáko ni ẹni tó bá já nínú iṣẹ́ kan fi ń dúró. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń yẹ ìwé owó wò ní Wuse ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí mo bá bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní AYA tí mo sì dé Nyanya, aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá, ìgbà náà ni mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi parí ní 2017, tí ó sì ń kọ ACA, oyè chartered akáńtáǹtì, sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ìpele Skills ni mo ṣì wà. Ọdún 2020 ni èmi parí. Ní gbogbo àárín ìgbà náà, iṣẹ́ tó dára ń kọjá lójú mi, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn.

Kì í ṣe ìwé ìfọwọ́sí nìkan ló dá mi dúró, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wa pàápàá ti gbó. Láti 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò wọn lọ́jà ní Nàìjíríà ti kúrò lórí ìlànà ìṣirò owó àtijọ́ tí à ń pè ní SAS, tí wọ́n sì ti bọ́ sórí IFRS, ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé ń lò. Títí tí mo fi jáde ní 2013, ìwé àkọsílẹ̀ SAS ni àwọn olùkọ́ wa ṣì ń kà fún wa, àwa náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń kọ́ ọ sórí. Nígbà tí mo dé orí Financial Reporting nínú ìdánwò ICAN, ńṣe ni ó dà bíi pé iṣẹ́ tí n kò rí rí ni. Mo já a lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, Màmá, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣáájú ni pé: ẹ̀ka ìṣirò owó wo ni ọmọ yìí ń lọ? Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ pé ìjọba ti fọwọ́ sí àwọn, ẹ má ṣe gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ń yẹ̀ wò nínú yunifásítì. Ìfọwọ́sí kíkún máa ń wà fún ọdún márùn-ún. Èyí tí kò kún, tí wọ́n ń pè ní interim, ọdún méjì ni. Èyí tí wọ́n bá sì kọ̀ fún kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Maitama ni ọ́fíìsì NUC wà, kò sì jìnnà sí yín. NBTE ni ó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ICAN fúnra wọn bóyá ẹ̀ka náà wà nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń ta fọ́ọ̀mù fún yín.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní ìhín kì í sábà rò. Láti 1965 ni òfin ti dá ICAN sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1993 ni òfin ti fún ANAN, ẹgbẹ́ akáńtáǹtì mìíràn, náà ní àṣẹ láti máa sọ ènìyàn di akáńtáǹtì. Ẹni tí ó bá ti ní B.Sc. tàbí HND máa ń lọ kàwé sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, Nigerian College of Accountancy, ní Kwall lẹ́bàá Jos. Mo ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n gba ọ̀nà yìí, iṣẹ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Bí ọkàn ọmọ yín bá ń fà sí iṣẹ́ ìjọba níbí, kò yẹ kí ẹ fojú kéré rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé-ẹ̀kọ́ àtàtà ni Zaria, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé Ọ̀ṣun ni ẹ ti wá. Bí a tilẹ̀ bí ọmọ yín sí Àbújá, ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa wò. Nínú ìlànà ìgbaniwọlé àwọn yunifásítì àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ ṣì kéré níbẹ̀. Ní Zaria, ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni ó ṣí sílẹ̀ fún un, nítorí náà máàkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga dáadáa. Ẹ tún ro ti ìyanṣẹ́lódì: ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi wà nílé. Ẹ̀rù ọ̀nà Kàdúná kò sì kúrò lọ́kàn òbí láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu ọkọ̀ ojú irin ní oṣù kẹta ọdún náà. N kò lè sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù.

Yunifásítì aládàáni kì í bá wọn yanṣẹ́ lódì. Ti owó rẹ̀, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ni ẹ mọ̀. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn fi họ́sítẹ̀lì hàn yín. Ẹ rí ọ̀gá ẹ̀ka, kí ẹ béèrè iye olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ chartered fúnra wọn, bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lo kọ̀ǹpútà láti ṣe ìwé owó, àti bóyá wọ́n ń kọ́ IPSAS, ìlànà ìṣirò owó tí ìjọba ń lò, nítorí pé owó ìjọba ni ọ̀pọ̀ akáńtáǹtì ń ṣírò ní Àbújá. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá hàn yín. Bí èmi bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2009, mi ò bá ti mọ̀.

Kaduna Polytechnic kì í ṣe ìrẹ̀sílẹ̀. Pẹ̀lú ND ọdún méjì tí èsì rẹ̀ bá dára, ọmọ yín lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, mo sì ti bá àwọn ọmọ pólì ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ wọn yá nínú léjà ju tèmi lọ. Ìyàtọ̀ tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń fi sáàárín HND àti B.Sc. nìkan ni kì í jẹ́ kí n fi í ṣáájú fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá tó yunifásítì.

Bí ó bá jẹ́ àbúrò mi ni, tí owó sì wà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni yẹn ni mo máa mú, bí ICAN bá ti fọwọ́ sí ẹ̀ka rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì fọwọ́ sí i, Zaria ni, pẹ̀lú gbogbo ìyanṣẹ́lódì rẹ̀. JAMB ṣì máa ń gbà kí ènìyàn yí ilé-ẹ̀kọ́ padà lẹ́yìn ìdánwò, nítorí náà ẹ ṣe ìwádìí yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọmọ náà sì bá yín lọ, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè.