Ta ni "olúwa" tó ń bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin?

Ọmọ mi, ohun méjì lo bi mí: kí ni ìtumọ̀ òwe "Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin," àti pé ṣé lóòótọ́ ni Yorùbá kì í sọ màlúù lórúkọ? Ìkejì kò le, n óò dé ibẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló ń bí mi nínú. Kì í ṣe ìwọ lo bí mi nínú o, oníwàásù kan tí mo gbọ́ lórí rédíò ni. Ó ní ohun tí òwe náà ń wí ni pé kí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ jókòó, kó káwọ́ gbera, iṣẹ́ ìyanu ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn èèyàn ń ṣe "Àmín" kíkankíkan. Mo pa rédíò.

Ẹni tó bá ti sin màlúù rí kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi sìn ín. Lápá Ìṣẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, ni wọ́n ti bí mi. Tábà ni bàbá mi ń gbìn, owó tábà ló sì fi ra màlúù méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n fi di méje. Kò ju méje lọ rí. Inú gáà Fúlàní kan tí kò jìnnà sí oko wa ló kó wọn sí ní àgbàsìn. Bóyá o kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí: àgbàsìn. Ìwọ lo ni ẹran, ẹlòmíràn ń bá ọ sìn ín, ẹ jọ ń pín ohun tó bá tibẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́, ẹ ó pín ọmọ rẹ̀. Ní ti màlúù tiwa, ọmọ jẹ́ ti bàbá mi, wàrà jẹ́ ti ìyàwó Fúlàní tó ń fi omi ewé bọmubọmu mú un dì, tó ń gbé e lọ sọ́jà. Bí ọdún bá yí, bàbá mi a wá nǹkan fún ọkọ rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà, n kò sì gbọ́ kí wọ́n jà lẹ́ẹ̀kan.

Ó dáa, òwe náà. Ẹnu kò mọ lẹ́tà ńlá. Ìwé ló kọ "Olúwa" ní lẹ́tà ńlá, tí gbogbo wa wá ń wo òkè. Nínú Yorùbá àtijọ́, olúwa ni ọ̀gá, olúwa ni ẹni tó ni nǹkan. Ẹrú ń pe ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, aya ń pe ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní ọdún 1884 pàápàá kò sá fún un: Sárà pe Ábúráhámù ní olúwa, kò sì sí ẹni tó ní Sárà sọ ọkọ rẹ̀ di Ọlọ́run. Ẹnu ìwọ náà ló wà lójoojúmọ́. Nígbà tó o bá ní "olúwarẹ̀ mọ ara rẹ̀," ṣé Ọlọ́run lò ń bú ni?

Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó ni màlúù ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe màlúù. Ẹran tí ìrù rẹ̀ gé, ọwọ́ olówó rẹ̀ ni iṣẹ́ ìrù bọ́ sí. Àwọn kan á sọ pé "Ọlọ́run" gan-an ni àwọn bàbá tiwọn ń fi síbẹ̀, kì í ṣe "Olúwa." Kí wọ́n máa fi síbẹ̀. Àwọn bàbá yẹn kò ní màlúù.

Ìrù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lára màlúù, ọwọ́ rẹ̀ ni. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tsetse, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, tó sì ń kó àìsàn ran ẹran títí ẹran á fi rù kan eegun. Òun ló fà á tí màlúù funfun oníké kì í fi í rọ́wọ́ mú nínú igbó kìjikìji, tó fi jẹ́ Mùtúrù, èyí kékeré tí kò ní iké, ló lè fara da ibẹ̀. Ìrù kò sì í dédé gé. Màlúù mìíràn lè tẹ ti ọmọ màlúù mọ́lẹ̀ kó jẹrà. Ọmọ ènìyàn pàápàá máa ń fà á: ní ọdún 1852, dókítà ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Louis Willems, bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi inú ẹ̀dọ̀fóró màlúù tó ń ṣàìsàn gún ìrù èyí tó yè kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró náà má bàa mú un. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrù ọ̀pọ̀ nínú wọn já bọ́. Ẹni tó sì sọ fún ọ pé nítorí ìrùkẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gé ìrù màlúù tó wà láàyè, má dá a lóhùn. 

Nínú màlúù tiwa náà, ọ̀kan wà tí kò nírù: àwọn yòókù ló tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kù bí ìka ọwọ́ méjì nídìí rẹ̀, bàbá mi sì sọ ọ́ ní Kùkùté. Ojú egbò náà kò tètè jiná, eṣinṣin sì bò ó pitipiti. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n dúró tì í. Oòrùn ń pa mí, mo wá fi òwe ṣe ọgbọ́n ẹ̀wẹ́: "Bàbá, ṣebí ẹ ní Olúwa ní í bá a lé e?" Wọn kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni olúwa rẹ̀ lónìí. Lé e." Mo lé eṣinṣin títí oòrùn fi wọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èéfín á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá Fúlàní á kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ jọ, á ti iná bọ̀ ọ́, á da koríko tútù lé e kó má jó geere, kó máa rú èéfín nìkan. Àwọn màlúù fúnra wọn á wá dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ. Àwọn yòókù á máa fìrù na ẹ̀gbẹ́ wọn. Kùkùté á sún mọ́ iná ju gbogbo wọn lọ, á di ojú, kò ní mira. Mo lérò pé oníwàásù mi kò rí irú rẹ̀ rí.

Oúnjẹ wọn kò ṣòro nígbà òjò, koríko wà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀ràn. Ẹ̀ka igi apá ni wọ́n ń gùn lọ gé fún wọn. Ìyá mi ń tọ́jú èèrí ògì, à ń sá èèpo gbágùúdá títí á fi gbẹ dáadáa, nítorí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Kán-ún ni wọ́n ń fà lá nírọ̀lẹ́. Lónìí, ọmọ tó ń jẹ pọ̀nmọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ kò mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ni màlúù ń fi jẹko tàbí ẹnu. Òwe ńkọ́? Báwo ni òwe ẹran ṣe fẹ́ yé ẹni tó jẹ́ inú láílọ́ọ̀nù ló ti mọ ẹran?

Ìbéèrè kejì, pé Yorùbá kì í sọ màlúù lórúkọ. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ "n kò lè torí pé mo fẹ́ jẹran kí n máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá" ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ìtẹríba oníjẹkújẹ ni ìyẹn ń bú, kò dá orúkọ dúró. Fúlàní ń fi àwọ̀ ara àti bí ìwo ṣe rí pe màlúù tirẹ̀, orúkọ ìyá sì lè máa tẹ̀ lé ọmọ. Bàbá mi ń sọ tiwọn bí ìgbà tí Yorùbá ń sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò lè gbọ́ ohun tó wà nínú ẹni. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ Owótábà. Òmíràn ń jẹ́ Ẹ-máa-wò-ó, ó sì ní ẹni tó ń bá wí, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Bọ̀ọ̀dá kò sí níbẹ̀. Kùkùté nìkan ni wọ́n wá ń pè ní Ìyá Àgbà nígbẹ̀yìn, ìyẹn sì jẹ́ lẹ́yìn tó ti bímọ mẹ́fà, tìrùtìrù.