Adìyẹ, ẹja àti ẹ̀fọ́ lè máa bọ́ ara wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ènìyàn lè sin adìyẹ àti ẹja, kí ó sì tún gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, láìmáa ra ajílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó ṣeé ṣe, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sì jìnnà. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, àlùfáà Kátólíìkì kan, Godfrey Nzamujo, dá oko Songhai sílẹ̀ ní ọdún 1985 lórí ìlànà pé ohun tí ẹ̀ka kan bá dànù ni ẹ̀ka mìíràn yóò lò. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin tí wọ́n ń sìn lórí pàǹtírí sì ń di oúnjẹ ẹja.

Ní tiyín, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti fi gáàsì bẹ̀rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Omi ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: èyí tí ẹ bá ń pààrọ̀ nínú adágún ẹja àrọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà sí gọ́tà, ni kí ẹ máa fi bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò, nítorí ìgbẹ́ ẹja tó wà nínú rẹ̀ ń bọ́ ewé dáadáa. Ẹ má ṣe da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ẹ̀fọ́, torí pé yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ tàbí èérún pákó, kí ẹ jẹ́ kí ó jẹrà fún oṣù mélòó kan, kí ẹ sì máa yí i padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. (Bí ẹ kò bá yí i, àwọn aládùúgbò yín ni yóò kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn.) Oúnjẹ adìyẹ ni ẹ ó ṣì máa rà díẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.