Kí ni kí ẹni tó ń san gbèsè máa kọ sínú ìwé rẹ̀ lálẹ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi mẹ́ta ni mo ti jẹ gbèsè, ó sì ti di oṣù méje tí mo ti ń san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ní ìwé kan tí n ó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí mi sí lójoojúmọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo alẹ́ tí mo bá ṣí i, iye gbèsè tó kù ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ sókè ojú ewé, ìtìjú á sì bò mí débi pé n kì í lè kọ ohun mìíràn mọ́. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Ìyàwó mi kò sì tíì mọ iye tí mo jẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè ka ìwé náà lọ́jọ́ kan.

Ìdáhùn: Ẹ má jáwọ́. Ìwé kíkọ kọ́ ló ń dà yín láàmú, iye tí ẹ ń kọ lálaalẹ́ ni. Gbèsè tí a ń san lóṣooṣù kì í dín kù láti alẹ́ ọjọ́ kan sí èkejì, nítorí náà ẹni tó bá ń wò ó lójoojúmọ́ yóò rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé kò kúrò lójú kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú oṣù ni yóò sì rí i pé ó dín. Ta ni irú ìyẹn kò ní mú ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì? Ọjọ́ tí ẹ bá san owó ni kí ẹ máa kọ iye tó kù.

Lọ́jọ́ náà, ẹ pín owó tí ẹ san sí ọ̀nà méjì: èyí tí èlé gbé lọ, àti èyí tó dín ojú owó kù. Ká ní ẹnì kan jẹ 100,000, tí èlé rẹ̀ lóṣù jẹ́ 2 nínú 100, tó sì ń san 5,000 lóṣooṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, èlé yóò gbé 2,000, 3,000 péré ni yóò kúrò lára gbèsè. Ní oṣù kejì, èlé yóò di 1,940, 3,060 yóò sì kúrò. Ẹni yìí lè rò pé oṣù 20 ni òun yóò fi san án tán, bẹ́ẹ̀ oṣù 26 ni. Bí ó bá lè sọ 5,000 di 6,000, yóò parí ní oṣù 21. Mo ń tẹnu mọ́ ìṣirò yìí nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ pé èlé ló ń jẹ owó òun yóò máa ka ara rẹ̀ sí ọ̀lẹ, yóò sì máa kọ èébú sí ara rẹ̀ nínú ìwé tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́.

Ní àwọn alẹ́ yòókù, ẹ kọ nípa ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ṣáájú kí ọwọ́ yín tó wọ àpò. Ìwé ìṣirò owó yóò sọ pé ẹ ra bàtà, yóò sì sọ iye rẹ̀. Kò lè sọ pé ọ̀gá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bá yín wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni, tàbí pé ẹ kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan mọ̀ pé ọwọ́ yín há. Ẹ kọ ibi tí ẹ wà, ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín, àti ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ronú láti ná owó tí ẹ kò sì ná an pẹ̀lú, nítorí kò sí ìwé owó kankan tó máa ń gba irú ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ jókòó kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí yín kí owó tó lọ.

Bí ìwé náà bá ń bà yín nínú jẹ́ nígbà mìíràn, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ń pa yín lára. Ní ọdún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé ní ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra wọn. Inú àwọn tó kọ ohun tó dùn wọ́n jù láyé, tí wọ́n sì kọ bó ṣe rí lára wọn, bàjẹ́ ní kété tí wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ìgbà tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kò tó ti àwọn tó kọ̀wé nípa ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ìwádìí náà kì í ṣe nípa gbèsè, àmọ́ ó jọ ohun tí ẹ sọ. Bí ìbànújẹ́ náà bá wá ń gba oorun lójú yín, tàbí tó ń mú yín ronú àtipa ara yín lára, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ibi mẹ́ta tí ẹ jẹ, èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni ó yẹ kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù kún, nítorí òun ló ń jẹ yín jù. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá kéré tí ẹ lè parí rẹ̀ láìpẹ́, n kò ní bá yín jiyàn bí ẹ bá mú un ṣáájú kí ọkàn yín lè le.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ló ká mi lára jù. Ohun tí ẹ ń rò lálẹ́ jẹ́ tiyín, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti fi pamọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè tó ń gba owó ilé lóṣooṣù kì í ṣe àṣírí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún un kó tó kà á. Bí ẹnu yín bá wúwo, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, ẹ kọ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye tó kù níbi kọ̀ọ̀kan, èlé rẹ̀, àti iye tí ẹ ti san láti oṣù méje yìí, kí ẹ sì kà á sí i létí nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó láìsí ìdíwọ́. Iye tí ẹ ti san ni kí ẹ kọ sókè ojú ewé lọ́tẹ̀ yìí.